Owó Wa Ni Wọ́n Kà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni, lọ́dún tó kọjá, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Smyrna, ìlú òyìnbó tí à ń gbé. Tómáàsì, àbúrò Lúsíà, ìyàwó mi tó ti ṣaláìsí, jókòó síwájú. Àǹtí Róòsì, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ erékùṣù kan náà ni gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni Yorùbá.

Erékùṣù náà kéré. Bí gbogbo ará ibẹ̀ bá jókòó sí pápá eré ìje ọkọ̀ tó wà ní Hampton nítòsí wa, àyè á ṣẹ́ kù. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lájò pọ̀ ju àwọn tó wà nílé lọ. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ju owó ẹja lọ, ìjọba sì ń kà á mọ́ ọrọ̀ ajé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka ènìyàn, wọn kì í ka ará àjò, ẹni tí wọn ò bá sì kà kò lè dìbò. Lúsíà ìyàwó mi ló bẹ̀rẹ̀ ìjà náà. Mo sọ fún un nígbà kan pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó ní, "Ìyẹn dára fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀."

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, a fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má fowó ránṣẹ́ sílé mọ́ títí ìjọba á fi gbà láti ka ará àjò. Mo pe ìyá Lúsíà nílé lórí fóònù, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní, "Di owó rẹ mú. Màá máa gé oògùn sí méjì. Ẹja ò tíì tán lókun."

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Tómáàsì dìde. Ó ní, "Ìjọba ti gbọ́. Ẹ lè máa fowó ránṣẹ́."

Àǹtí Róòsì ní, "Ṣé wọ́n á kà wá?"

"Wọ́n á gbé e yẹ̀ wò."

"Tómáàsì, mo wẹ̀ ọ́ lọ́mọ ọwọ́. Kí ni wọ́n fún ọ?"

Ó wolẹ̀. Ó ní wọ́n ti fi òun ṣe ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń ka ènìyàn àti ọrọ̀ ajé. Òun ń padà sílé lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Ìyẹn ni pé ìwọ nìkan ni wọ́n máa kà."

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ̀wé. N kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ohun tí mo sọ kò ju pé, "Ìyá rẹ ń gé oògùn."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n," ni ó wí. Lúsíà ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Yorùbá yẹn, ẹ̀gbọ́n. "Ìdí tí mo fi fẹ́ kó parí nìyẹn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ erékùṣù náà tí mo ń sọ èyí fún, bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ìṣirò tuntun ti jáde láti ọwọ́ Tómáàsì. Owó wa wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ti gòkè. Àwọn ará àjò ò sí níbẹ̀. Bí a bá tún pe ìpàdé, àwọn èèyàn á bi wá pé ta ló fẹ́ gba ipò lọ́tẹ̀ yìí. Gbèsè kíkà náà ṣì wà nílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé Sátidé yẹn, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ síbi tí a ti ń fowó ránṣẹ́. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà bi mí pé kí ni ẹni tó fẹ́ gba owó náà jẹ́ sí mi. Mo ní, "Ìyá mi ni."

Mo wá pe ìyá Lúsíà pé kó má gé oògùn mọ́.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ti kà yín?"

Mo ní kó rí i pé òun jẹun kó tó lo oògùn náà.