Àtè Ràímì Nínú Oòrùn Ọ̀sán

Ohun tó ń bí Ràímì káfíńtà nínú ní ọdún 1953 ni pé òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ wá wò ó.

Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní àdúgbò N'Gattakro, nílùú Bouaké lẹ́yìn odi, ń kọ́ mọ́ṣáláṣí. Àlùfáà Àmínù, olórí wa, ò fẹ́ òpó láàárín ilé. Igi tó gùn láti ògiri dé ògiri ò sì sí nílé ìlagi. Ni Ràímì bá to pákó pẹlẹbẹ léra ní ìpele mọ́kànlá, kò jẹ́ kí oríkèé wọn bára mu, ó fi àtè awọ màlúù lẹ̀ wọ́n, ó sì fi irin dè wọ́n pinpin títí àtè fi gbẹ. Ẹ wo ọgbọ́n! Pákó kúkúrú di igi gígùn!

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, nínú ọyẹ́, àwọn àgbà so àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà rọ̀ sí i. Kò mì.

"Gbé e sókè," ni Àlùfáà wí.

Ó gbé e sókè, wọ́n kan páànù lé e. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó gun àkàsọ̀ lọ fọwọ́ kàn án. Àtè ti rọ̀! Ó tún so àpò mẹ́fà náà mọ́ ọn. Igi tẹ̀ bí ọrun, pákó ń yọ̀ lórí ara wọn. Kò sì sí ọ̀kan tó kán. Àtè ni ṣá!

Sèlíátù, ìyàwó rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Bàbá Jàfárù, àtè tí ẹ fi iná yọ́, ṣé ẹ rò pé oòrùn ò ní lè yọ́ ọ ni?"

Ràímì sáré lọ bá Àlùfáà. "Bàbá, ẹ wá wò ó lẹ́yìn ìrun Àìlà. Ooru ló ń gba agbára rẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe ojú wa ló ṣe? Àpò mẹ́fà!"

"Àárọ̀ nìyẹn, bàbá. Ọyẹ́ ń fẹ́."

"Ta ni yóò wá wo igi nínú oòrùn yìí? Pè wá láàárọ̀."

Ó pè wọ́n láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Igi ti padà le. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù nínú títẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ojú ló ń tan Ràímì.

"Káfíńtà ń sá fún iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀!" ni Àmọ̀sù aláṣọ wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ràímì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Jímọ̀ ọ̀la ni ilé máa kún!

Nígbà tí oòrùn mú, tí oníkálukú sá sábẹ́ ibòji, òun nìkan gbẹ́ ihò sáàárín ilé, ó ri òpó ìrókò síbẹ̀ kó lè gbé igi náà dúró.

Ní Jímọ̀, ẹ̀yìn òpó ni ààyè Àmọ̀sù bọ́ sí. "Mi ò rí Lèmọ́mù o!"

"Ẹ ó gbọ́ ohùn wọn," ni Ràímì fèsì.

Àlùfáà Àmínù wo òpó, ó wo Ràímì. "Iṣẹ́ wa tó kàn, káfíńtà mìíràn ni yóò ṣe é."

Ràímì tẹ́ ẹní rẹ̀ sábẹ́ igi náà gan-an, ó jókòó.