Ìdérí Ìgò Tó Fẹ́ Gba Ọmọ Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn bí wọ́n ṣe sọ mí di ọ̀mùtí ní Ìrè-Èkìtì, èmi tí n kò fi ẹnu kan ọtí láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi!

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kì í pọ̀. Tí ẹ bá rí i tí èyí gùn, ẹ bá mi fara dà á.

Ìyàwó mi ti kú. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ó ku èmi àti Dúpẹ́, àbígbẹ̀yìn wa, tó wà ní kíláàsì kẹta nígbà náà. Ẹnu ọmọ náà mú, àmọ́ tí wọ́n bá ti kọ ìṣirò sójú pátákó, ẹkún ni. Òun ló gbẹ̀yìn nínú kíláàsì wọn.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gbọ́. Màmá Ìkọ̀lé là ń pè é. Ẹja gbígbẹ ló ń tà láti ọjà dé ọjà. Ó ní ọkùnrin kò lè dá tọ́ ọmọbìnrin. Ó ní tí nǹkan kò bá yí padà, òun á mú Dúpẹ́ lọ sọ́dọ̀ òun, kí òun máa bójú tó ìwé rẹ̀.

Kí ni kí n sọ? Èmi fúnra mi pẹ́ kí n tó wọ ilé-ìwé. Ní kíláàsì kìíní, mo ga ju tíṣà lọ! Àmọ́ tí Dúpẹ́ bá lọ, ta ni n óò máa bá jẹun? Ilé tí ọkùnrin kan ṣoṣo ń gbé, eku gan-an a máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ̀ ọ́.

Ní Sátidé kan, a ń gbin àgbàdo àti ilá lóko. Àgbàdo méjì, ilá kan. Àgbàdo méjì, ilá kan. Dúpẹ́ ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń fi ẹsẹ̀ bo ihò. Lójijì ó ní, "Bàbá mi, ẹ ti fo ilá."

Mo ní irọ́ ni. Mo fi ìka tú ilẹ̀ wò. Mo ti fo ilá lóòótọ́! Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní ṣebí bó ṣe ń lọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Mo nàró. Àṣé orí ọmọ yìí kò dí. Pátákó ló ń bà á lẹ́rù.

Nígbà tí a délé, mo to nǹkan sílẹ̀ fún un: àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀wà, kí ló kàn? Ó ń dáhùn, inú mi sì ń dùn. Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: kí ọmọ tó ronú tán, adìyẹ ti jẹ ìbéèrè!

Mo wá ohun tí adìyẹ kì í jẹ. Ìdérí ìgò ni. Níbo ló pọ̀ sí? Iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń ta bíà àti mínírà, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Láàárọ̀, kí n tó lọ sóko, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣa tèmi: pupa, dúdú, funfun, aláwọ̀ ewé. N kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ṣé dandan ni?

Ràfíù ọlọ́kadà, ọmọ àdúgbò wa, rí mi. Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ rọra o! Ìdérí rèé, ìgò ńkọ́? Àbí ẹ ti gbé e mì?" Mo kí i, mo bá tèmi lọ. Ẹni tí kò bá ṣàlàyé ara rẹ̀, àwọn èèyàn á bá a ṣe é.

Nílé, eré wa ń tẹ̀ síwájú. Pupa, pupa, aláwọ̀ ewé. Mo bi Dúpẹ́ pé tí a bá ń tò ó lọ, èwo ló máa bọ́ sí ipò kejìlá? Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní láti tò ó tán kó tó dáhùn. Nígbà tó yá, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní gbogbo ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni aláwọ̀ ewé, ẹ̀ta lọ́nà mẹ́rin sì ni méjìlá. Ọmọ tó ń sunkún nítorí táìmù tébùlù!

Lọ́jọ́ kan, òun ló to tiẹ̀ fún mi: dúdú, dúdú, funfun, dúdú, dúdú, funfun. Mo ní èyí rọrùn, dúdú ló kàn. Ó ní òun kò béèrè èyí tó kàn. Kí ni wọ́n dúró fún? Mo rò ó títí iṣu fi jóná lórí iná.

"Oúnjẹ alẹ́ wa ni, Bàbá mi. Ẹ̀bà, ẹ̀bà, iṣu sísè."

Ẹ gbà mí! Ọmọ Èkìtì rèé, tí kò rí iyán jẹ. Àmọ́ ta ló fẹ́ dé láti oko kó tún máa gúnyán fún ẹnu méjì? Mo jẹ iṣu mi tó jóná.

Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn, àmọ́ òfófó kì í dúró de fóònù. Ní Ìrè, mo ń ṣa ìdérí ìgò. Kó tó dé Ọ̀yẹ́, mo ti ń mutí. Nígbà tó fi máa dé Ìkọ̀lé, inú gọ́tà ni wọ́n ti ń gbé mi!

Ní àárọ̀ Sátidé tó yẹ kí Màmá Ìkọ̀lé wà lọ́jà Ìlógbò, òun ni mo rí tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkadà Ràfíù, pẹ̀lú báàgì òfìfo fún aṣọ Dúpẹ́. Tí oníṣòwò bá fi ọjà sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le.

Kò jókòó. Ó ní kí n mí sí òun. Mo mí. Ó ní kí n tún un mí. Ràfíù ń wo òkè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Màmá ní òórùn àlùbọ́sà nìkan lòun gbọ́. Ìgbà náà ló rí òkìtì ìdérí lórí ẹní.

"Gbogbo èyí ńkọ́, Bàbá Dúpẹ́?"

Dúpẹ́ ní, "Ìṣirò mi ni, mà."

"Ìṣirò ọtí, àbí kí ni? Kó ẹrù rẹ, ulé mi là ń lọ. Èmi fúnra mi ni n óò máa jókòó tì ọ́ nídìí ìwé."

Àmọ́ Dúpẹ́ kò sunkún. Ó jókòó sórí ẹní, ó bi Màmá pé ọjà wo ló ń ná lẹ́yìn Ìlógbò. Màmá ní Òkè-Àkó. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ìkọ̀lé. Lẹ́yìn náà? Ọ̀yẹ́, kó tún padà sí Ìlógbò. Ṣebí ọrọọrún ni ọjà ń ná, ta ni kò mọ̀?

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni Dúpẹ́ ń tò ó, ìdérí kan fún ọjọ́ ọjà kan: pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé, funfun; pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé, funfun. Ó tò ó títí ó fi kan ẹsẹ̀ Màmá. Ó wá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ tí ẹ máa jókòó tì mí hàn mí."

Màmá wo ẹní. Ó ní ọjọ́ Ìsinmi ńkọ́?

Dúpẹ́ ní, "Ọjọ́ Ìsinmi ọ̀la, Òkè-Àkó. Èyí tó tẹ̀ lé e, Ìlógbò. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, Ọ̀yẹ́." Mo ń kà á nínú mi. Kò ṣì í!

Màmá ní alẹ́ ńkọ́? Dúpẹ́ rọra dáhùn pé, "Lálẹ́, ẹ kì í jẹun tán kí ẹ tó sùn, mà." Ràfíù rẹ́rìn-ín débi pé ọkadà rẹ̀ fẹ́ ṣubú.

Màmá jókòó níkẹyìn. Ó wò mí, ó ní, "Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń mú mi nìyẹn." Ó mú ìdérí pupa, ti Ìlógbò, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Ó ní òun ti pa ọjà Ìlógbò jẹ lónìí, ọ̀run kò ya. Láti ìsinsìnyí lọ, ọjọ́ Ìlógbò, ọ̀dọ̀ wa lòun á máa wá. Kí Dúpẹ́ jókòó ti bàbá rẹ̀.

Ó wá béèrè ohun tí a máa jẹ. Dúpẹ́ to dúdú, dúdú, funfun, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Màmá pariwo, "Ẹ̀bà, ẹ̀bà! Ní Èkìtì!" Ó ní odó dà? Aláǹtakùn ti kọ́lé sínú rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó sì gbé ọmọ odó lé Ràfíù lọ́wọ́: ẹni tó fẹnu gbé ìròyìn, kó fọwọ́ gúnyán.

Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, Dúpẹ́ kò gba ipò kìíní o, ẹ má ṣe tíì pàtẹ́wọ́. Àmọ́ kò gbẹ̀yìn mọ́, kò sì sunkún mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: nǹkan tó ń tẹ̀ lé ara wọn kún inú ilé wa. Ebè oko, ọjọ́ ọjà, oúnjẹ alẹ́ gan-an. Ẹ bi ọmọ yín pé kí ló kàn, kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi dáhùn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi kọ́ tiyín nílé? Ẹ sọ ọ́ fún wa, ẹ má tijú. Lórí ẹní tiwa, Dúpẹ́ tún oúnjẹ wa tò nígbà náà: dúdú, dúdú, funfun, pupa, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ẹni tó bá mọ ohun tí pupa dúró fún, kó wá bá wa jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ìlógbò.