Àáró Ìwé Kíkà ní Èbúté Òde-Omi

Ọjọ́ tí èsì ìdánwò àkọ́kọ́ jáde, orí agbọ̀n ẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni mo jókòó sí ní èbúté Òde-Omi, torí ibẹ̀ nìkan ni fóònù mi ti máa ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú dáadáa. Mo ṣí i, mo pa á dé, mo tún un ṣí. Mo rò pé èsì ẹlòmíì ni wọ́n ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí mi. Èyí tí mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo yege lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni iṣẹ́ tí èmi fúnra mi kọ nóòtì rẹ̀ láti páálí dé páálí. Ó rú mi lójú pátápátá. Tíṣà ni mí. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Báwo ni ìwé ṣe wá di ohun tí mi ò mọ̀ ọ́n kà mọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa wà létí omi, tíṣà tí wọ́n bá sì gbé wá síbẹ̀ kì í pẹ́. Ẹlòmíì á ní òun ń bẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi, ẹlòmíì á ní ẹ̀fọn ò jẹ́ kí òun sùn. Bàbá Ìdòwú, ọlọ́kọ̀ tó ń gbé èèyàn ní èbúté wa, ló máa ń kó ẹrù wọn wá, òun náà ló sì máa ń kó o padà. Ó mọ àpótí tíṣà ju bó ṣe mọ orúkọ wọn lọ. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé wa fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n máa di ipò náà mú ná. Ṣùgbọ́n NCE nìkan ni mo ní, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sì sọ ọ́ fún mi láìfi bò pé ẹni tí kò bá ní dìgírì kò lè di ọ̀gá tààrà. Bí mi ò bá ní in, wọ́n á gbé ẹnì kan wá láti ìgboro. A ti rí irú wọn rí. Á dé lọ́jọ́ Ajé, kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó ti wọkọ̀ lọ, àwọn ọmọ á wá máa gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò fẹ́ kí ìyẹn tún ṣẹlẹ̀ sí ilé-ìwé wa.

Ìdí nìyẹn tí mo fi forúkọ sílẹ̀ fún dìgírì orí ẹ̀rọ ayélujára. Mi ò lè pa àwọn ọmọ tì kí n lọ jókòó sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Gbogbo èèyàn ló bá mi yọ̀, àfi Bàbá Ìdòwú. Ó ní kò sí tíṣà kan tó gba dìgírì ní etí omi yìí tí kì í ṣe òun ló fi ọkọ̀ gbé e lọ. Mo ní tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ náà nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ yìí, ẹ gbọ́, ó yà mí lẹ́nu. Níbi tí mo ti gba NCE, agogo ló ń sọ fún èèyàn pé ó yá. Olùkọ́ á wọlé, ẹ ó dìde, ẹ ó jókòó, ẹ ó kọ ohun tó bá kọ. Lórí fóònù, kò sí agogo, kò sí olùkọ́ tó ń fojú wá ẹni tí ò wá. Fídíò wà níbẹ̀ láàárọ̀, ó wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò bínú, kò sì pe èèyàn. Mo máa ń wò ó bí ẹni tó ń wo òjò. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá kọjá, gbólóhùn kan á bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mi ò fi mọ̀ pé mo lè dá fídíò náà padà sẹ́yìn, mo kàn ń gba ohun tó bá kù.

Kíláàsì ojúkojú tún wà lórí fóònù náà, tí gbogbo wa á jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà Ọdúkọ̀yà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà tó mi, ló ń kọ́ wa ní ìlànà ìkọ́ni. Lọ́jọ́ kan, ó bi wá bóyá ohun tí ìwé sọ nípa ọmọdé tọ̀nà. Èmi ò mọ̀ pé ẹnu fóònù mi ṣí sílẹ̀, mo sì ń bá obìnrin ẹlẹ́ja kan ná ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gbogbo kíláàsì gbọ́ mi ketekete: "Irọ́ ni, ó ti rà." Dókítà ní kí màmá tó sọ̀rọ̀ yẹn jọ̀ọ́ ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀. Mo pa fóònù, mo sì ra ẹja náà torí ìtìjú.

Ọjọ́ tí wọ́n pè wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó kí wọ́n lè yẹ ìwé-ẹ̀rí wa wò ni mo pàdé àwọn méjì tí a jọ wá di ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, tíṣà láti Awa, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í bọ́ táì lọ́rùn bí oòrùn bá tilẹ̀ ń ta á. Èkejì ni Fúnkẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ni ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. A ń ráhùn pé iṣẹ́ yìí pọ̀ jù, ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé bá ní ṣebí ọmọ àgbẹ̀ ni wá. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ fún àwọn bàbá wa, àáró ni wọ́n máa ń ṣe: gbogbo wọn á lọ sóko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sí tẹnì kejì lọ́la, títí oko gbogbo wọn á fi mọ́. Ó ní àáró la máa fi ka ìwé yìí. Kí kálukú mú iṣẹ́ méjì méjì, kí ó wo fídíò wọn, kí ó kọ nóòtì wọn, kí ó sì fi ránṣẹ́ sáwọn yòókù lórí wásáàpù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Mo ní Ọlọ́run ló rán an sí wa.

Ẹ ò rí nóòtì mi. Bírò pupa fún àkọlé, búlúù fún ọ̀rọ̀, rúlà ni mo fi fa ìlà gbogbo. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni mo ń dá fídíò dúró sí, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu olùkọ́, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré. Ìdánwò kékeré tí wọ́n ń fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nóòtì máa ń wà ní ṣíṣí níwájú wa, a sì ń gba máàkì bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀. A gbà pé a ti mọ̀wé.

Ìgbà tí a dé gbọ̀ngàn ìdánwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n gba fóònù wa lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè yọ lójú kọ̀ǹpútà. Mo mọ ojú ewé tí ìdáhùn wà. Mo rí i lọ́kàn mi, mo rí ìlà pupa, mo tiẹ̀ rí ibi tí òróró ẹja kán sí létí ìwé. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ gan-an ni mi ò rí.

Ohun tí èsì ìdánwò wá sọ fún mi lórí agbọ̀n ẹja nìyẹn. Àwọn tó gba nóòtì lọ́wọ́ mi fìdí rẹmi, èmi tí mo kọ ọ́ náà fìdí rẹmi. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ni, ǹ bá ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé di gbogbo ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fúnkẹ́ ní òun ò ṣe mọ́. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sí abẹ́ èsì náà pé a ó tún iṣẹ́ wọ̀nyẹn ṣe, ẹni tó bá sì tún fìdí rẹmi, orúkọ rẹ̀ á kúrò. Mo wo ilé-ìwé wa lókè lọ́hùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro irú ẹni tí wọ́n máa gbé wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wọ sùtánà mi, mo gbé fóònù dání lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí Wòlíì wa gbàdúrà sí i. Wọ́n gbà á, wọ́n gbàdúrà gidi, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n wá ní, "Ìyá Dára, àdúrà ti gòkè o, ṣùgbọ́n áńgẹ́lì kan ò ní wá bá yín jókòó ṣe ìdánwò." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mi ò dúró gba omi ìyàsímímọ́.

Dókítà Ọdúkọ̀yà ló pè mí fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, látorí àáró dórí bírò pupa. Mo ní mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe ju èyí lọ. Ó gbọ́ mi dópin.

"Màmá, bí ẹ bá kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìsọdipúpọ̀, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti wọ̀ wọ́n lórí?"

Mo ní ìyẹn ò le. "Mo máa ní kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí pátákó ni. Ọmọ tó bá ṣì ń wo pátákó, ojú rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, orí rẹ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Ìgbà wo lẹ kọ ẹ̀yìn sí nóòtì yín rí?"

Ohun tí mo fi ń na ọmọ ọlọ́mọ lẹ́gba ni mi ò ṣe fún ara mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo pe àwọn méjèèjì. Mo ní a ò ní fi àáró sílẹ̀, iṣẹ́ inú rẹ̀ la máa yí padà. Kálukú ló máa wo fídíò tirẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ náà. Ohun tí a ó máa gbé lọ sóko ara wa ni ìbéèrè, nóòtì á sì wà ní pípadé. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé ní a ti ṣe é sódì láti ìbẹ̀rẹ̀. "Wọ́n máa ń báni ro oko ní àáró ni," ó ní. "Wọn kì í báni jẹ iṣu ẹni."

Ẹ má rò pé ọ̀nà là látìgbà náà o. Ìgbà tí mo wá ń ṣe é dáadáa gan-an ni mo wá dà bí òpè. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ṣí nóòtì, gbogbo rẹ̀ ló mọ́ kedere. Báyìí, màá kọ ẹ̀yìn sí i, màá kọjú sí omi, Fúnkẹ́ á béèrè ọ̀rọ̀ lórí fóònù, orí mi á sì ṣófo. Ọmọ náà ò láàánú, bí mo bá ní kí ó fi lẹ́tà àkọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́, á ní wọn ò ní ràn mí lọ́wọ́ ní gbọ̀ngàn. Mo sunkún lọ́jọ́ kan. Mo sọ fún Dókítà pé ńṣe ni mo túbọ̀ ń gbàgbé. Ó ní ibi tí mo ti ń wá a tí mi ò rí i yẹn gan-an ni mo ti ń kọ́ ọ, kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mélòó kan, kí n tún padà wá a. Kò yé mi. Mo kàn ṣe é bí ó ṣe wí ni, bí ọmọdé ṣe ń mu àgbo.

Bàbá Ìdòwú máa ń wò mí láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Ó rí mi tí mo ń dá sọ̀rọ̀ sí omi, tí mo ń na ìka, tí mo ń bínú. Ó bi mí ta ni mò ń bá wí. Mo ní orí mi ni. Ó ní kí n rọra, torí orí yẹn náà ni mo máa fi ru ẹrù lọ lọ́jọ́ kan.

A padà sí gbọ̀ngàn náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yọ, ọkàn mi sì tún ṣófo bíi tìjọ́sí. Láìmọ̀, mo ti yí àga mi, mo kọ ẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ wa sáré wá bi mí kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan, sà, bí a ṣe máa ń ṣe é níbi iṣẹ́ wa nìyẹn. Mo dijú. Ohùn Fúnkẹ́ ni mo gbọ́, ohùn ẹ̀gàn rẹ̀ yẹn, tó ń bi mí ní ìbéèrè náà gẹ́lẹ́, ìdáhùn sì tẹ̀ lé e. Mo yí padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la yege. Àáró náà la bá lọ títí a fi gba dìgírì, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé sì wọ táì tuntun lọ́jọ́ náà. Títí di òní, bí ẹ bá ní kí n ṣàlàyé ìdí tí èèyàn fi ń mọ ìwé nígbà tó bá kọ ẹ̀yìn sí i, mi ò lè ṣe é. Mo kàn mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Orí agbọ̀n ẹja yẹn náà ni mo wà nígbà tí ìpè wọlé pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, pé èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé wa ní kíkún. Omijé kàn ń bọ́ lójú mi ni. Bàbá Ìdòwú ti mọ̀ kí n tó sọ ọ́. Ó fi àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ sílẹ̀, kò wo ojú mi.

"Ìyá Tíṣà, ẹ kú oríire. Ìgbà wo ni kí n wá kó ẹrù yín?"

"Lọ́la," mo ní. "Pátákó ìkọ̀wé tuntun ń bẹ ní Abigi tí mo ti ní kí wọ́n kàn fún wa. Ẹ bá mi lọ kó wọn wá."

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ̀ dànù, kí àyè lè wà fún pátákó.