Ẹṣin Tí Kò Ní Ẹsẹ̀

Ọmọ ọdún méje fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya ẹṣin lónìí!

Tíṣà wọn ló ní kí wọ́n yà á wá. Mo ní, "Gbé pẹ́ńsùlù wá. Tẹlifíṣàn ti kọ́ mi ní àwòrán yíyà kí wọ́n tó bí tíṣà yín."

Mo ya orí, mo ya gọ̀gọ̀, mo ya ìrù. Ó kù díẹ̀ kó yán! Mo wá fi koríko gígùn parí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Ó wà nínú koríko."

"Ṣebí ti ewúrẹ́ àná náà wà nínú koríko?"

Ẹ gbọ́, ẹ̀bi mi kọ́. Ní kékeré mi, tí bàbá tó ń kọ́ wa ní àwòrán yíyà nínú tẹlifíṣàn bá ti ya ara ẹranko tán, tó fẹ́ bọ́ sórí ẹsẹ̀, ni wọ́n máa ń mú iná lọ. Mi ò rí ẹsẹ̀ kọ́ títí dòní.

Bí bàbá ọmọ mi ṣe ti ibi iṣẹ́ ní Jàbí wọlé nìyẹn, ló bá gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi. "Kúrò ńbẹ̀ jàre. Èmi náà wo ètò àwòrán yíyà yẹn ní Kàbà nígbà tí mo wà ní kékeré."

Ẹṣin tiẹ̀ wà nínú odò, omi mù ún dé ikùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo ètò yẹn, ẹ má purọ́: ibo ni ẹṣin tiyín dúró sí?