Páànù Tó Wà Lórí Yàrá Kúlúsúmù

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn Mápó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì, tí ẹ sì gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé, ẹ má béèrè mọ́, Kúlúsúmù nìyẹn. Hìjáábù ọmọ ilé kéwú ló ń rán. Ẹ sì wá wo ojú rírán rẹ̀ ná! Ọmọ á fi sáré, á fi jà, á fi nu imú, kò ní tú. Àwọn tó ń tajà ní Ọjà'ba máa ń wá kó o lápò lápò ni.

Òun àti ọkọ rẹ̀, Ààfáà Zakariyya, ní yàrá méjì nínú agboolé bàbá ọkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ agboolé Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé ọmọ ilé ló ni ilé. Ìyàwó ilé, ì báà pẹ́ ogún ọdún, ẹnu ọkọ ló fi ń gbé ibẹ̀. Kúlúsúmù mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbálẹ̀ ojúde kí ẹnikẹ́ni tó jí, tó sì ń rán hìjáábù ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ẹbí. Kò kúkú níbòmíràn tó lè lọ. Ilé bàbá tirẹ̀ ní Bẹẹrẹ ti wó tipẹ́.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Èjìdé. Wọ́n jọ kéwú, wọ́n jọ ṣe wòlímọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìpara ni Èjìdé ń tà lẹ́bàá Mápó, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé ó lè ta ìpara irun fún apárí.

Lọ́dún tó kọjá, ìjì jà. Ó ṣí páànù orí yàrá méjèèjì, ó lọ gbé e kọ́ orí igi máńgòrò mọ́ṣáláṣí! Wọ́n ta tapólì sórí ilé, omi ṣì ń wọlé. Àwọn kan gba Ààfáà nímọ̀ràn pé kó yá owó lórí fóònù, àwọn tó ń yáni lówó láìrí ojú ẹni. Ààfáà fi ṣe wáàsí pàápàá.

"Owó èlé! Kí n fi iná bo ara mi lórí? Ẹ jẹ́ kí òjò pa mí!"

Àwọn èèyàn ké Allāhu Akbar. Inú Kúlúsúmù dùn. Ọkọ tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́ tapólì, ọkọ gidi ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Èjìdé wá bá a nídìí ẹ̀rọ.

"Kúlú, bá mi gba owó lórí fóònù ẹ. Èmi, wọn ò yá mi mọ́."

"Èlé ẹ̀ ń kọ́? Ààfáà á pa mí."

"Ta ní kó o jẹ èlé? Èmi tí mo bá ná owó ni mo jẹ èlé. Orúkọ ẹ nìkan ni mo fẹ́ yá. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ń bẹ lọ́rùn mi."

Kúlúsúmù rò ó títí, ó rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó yá ni lábọ́ kọ́ ló jẹun inú rẹ̀, àbí? Ó tẹ nọ́ńbà báńkì rẹ̀ sínú fóònù, fóònù ní kó la ojú sílẹ̀, ó ya àwòrán rẹ̀, owó wọlé. Lójú ẹsẹ̀ ló fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Èjìdé. Kò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Ààfáà kó káfíńtà dé pẹ̀lú páànù tuntun, ó ń dán yinrin.

"Bàbá Karimat, níbo lẹ ti rówó?"

"Ọlọ́run ló rán ẹnì kan sí mi."

Kúlúsúmù ṣe àlùhámúdù, ó se ìrẹsì fún káfíńtà.

Èjìdé san díẹ̀ nínú owó, ó dákẹ́. Nígbà tí àwọn ayánilówó bẹ̀rẹ̀ sí í pe Kúlúsúmù, Èjìdé ní, "Fara balẹ̀, gbà lọ́dọ̀ àwọn mìíràn fi san èyí." Ó gbà á. Ìyẹn náà tún bí òmíràn. Gbogbo owó hìjáábù ń wọ ibẹ̀ bí omi tó ń wọ yanrìn. Nígbà tó yá, Èjìdé ò gbé ìpè mọ́, ìsọ̀ rẹ̀ sì wà ní títì pa.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni àwọn ayánilówó fi àwòrán Kúlúsúmù ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀. Àwòrán ọjọ́ tó lajú sílẹ̀ yẹn gan-an! "Olè ni obìnrin yìí. Bí ẹ bá rí i, ẹ mú un." Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà, ó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ Karimat ọmọ rẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ Bàbá Mógàjí, olórí ẹbí.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, ẹbí pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyàwó," ni Mógàjí wí, "ìwọ lò ń wò mí rangandan nínú fóònù yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo ná owó náà."

"Abájọ!" Ìyá Jubril, àbúrò Mógàjí, ló já lu ọ̀rọ̀ yẹn. "Mo ti ń rò ó pé hìjáábù ọ̀fẹ́ yẹn ti pọ̀ jù!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kúlúsúmù wo ọkọ rẹ̀. Ààfáà ń ka tẹ̀súbáà, ó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Bàbá Karimat, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ? Gbogbo ayé ló gbọ́ wáàsí mi."

Mógàjí mí kanlẹ̀. Ó ní kí ìyàwó palẹ̀ ẹrù mọ́, kó ṣì lọ sílé bàbá rẹ̀ títí ìtìjú yìí á fi rọlẹ̀. Ilé bàbá wo? Kúlúsúmù ò tilẹ̀ lè sunkún.

Bẹ́ẹ̀ ni Èjìdé já wọlé, gèlè lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ti fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí òun náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Ààfáà, ẹ ò ní sọ̀rọ̀?"

"Ta ló pe obìnrin yìí?" ni Ààfáà wí.

"Ẹ̀yin náà lẹ pè mí lọ́jọ́sí! Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n lọ bá Kúlú, pé kò lè kọ̀ fún mi? Ẹ ní owó tó bá ti gba ọwọ́ obìnrin méjì kó tó dé ọwọ́ yín, èlé ẹ̀ ti dà sọ́nà. Ẹ ní ẹ ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ san ni mo san. Ìgbà tẹ́ ẹ dákẹ́, ojú tì mí, mo sá."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń wo páànù tuntun láti ojú fèrèsé. Ìyá Jubril ní, "Yéèè."

"Kúlú, dárí jì mí," ni Èjìdé wí.

"Ìwọ dúró ná. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ."

Ibi tó dé nìyẹn tí fóònù Kúlúsúmù dún. Àwọn ayánilówó tún ni. Kúlúsúmù dìde, ó rìn dé iwájú ọkọ rẹ̀, ó nà án sí i.

"Bàbá Karimat, ẹ gbé e."

"Kí n ní kí ni?"

"Ẹ sọ orúkọ yín fún wọn. Ó ti rẹ orúkọ tèmi."

"Níwájú gbogbo èèyàn?"

"Níwájú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti pè mí lólè, tẹ́ ẹ ń ka tẹ̀súbáà."

Ààfáà wo Mógàjí, bí ọmọ tó ń wá ẹni tó máa gba òun sílẹ̀.

"Gbé e kó tó gé," ni Mógàjí wí.

Ó gbé e. Ohùn tó ń dún kárí mọ́ṣáláṣí, ẹ ò lè gbọ́ ọ tán nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. "Zakariyya ni orúkọ mi. Èmi ni mo ná owó náà."

Kúlúsúmù ò kó lọ. Mógàjí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kan páànù, abẹ́ páànù ni yóò máa gbé, kódà bí ọkọ bá fẹ́ lọ. Ààfáà ló ń san gbèsè báyìí, ó sì ti fi wáàsí èlé sílẹ̀. Yàrá inú ló ń sùn, Kúlúsúmù wà ní tòde pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ láàárín wọn. Èjìdé wá bẹ̀ ẹ́ títí. Kúlúsúmù ní òun ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Jubril wá gba hìjáábù ọmọ ọmọ rẹ̀ bó ṣe máa ń gbà á. Kúlúsúmù rán an, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé itan.

"Ó ti parí, màmá. Owó ẹ̀ ń kọ́?"