Àga Kùdírátù Létí Odò

Ẹkúndayọ̀ kì í kọjá lára èèyàn kó má kí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, gbogbo ọdún tó sì ti lò ní Houston kò gba ìwà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àdúgbò Third Ward níbẹ̀ ló ti kàwé ẹnjiníà, ìlú Sugar Land tó wà nítòsí ló ti tọ́ ọmọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, òun àti Kùdírátù ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí ìlú kékeré kan létí odò Brazos, níbi tí oníkálùkù ti mọ ajá aládùúgbò rẹ̀ lórúkọ.

Létí odò yìí ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ kan àga pákó kan fún Kùdírátù, nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kó lè rìn jìnnà mọ́. Ibẹ̀ lobìnrin náà máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, tí á máa juwọ́ sáwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi kọjá. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Àga náà nìkan ló kù tí ọkọ rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Àfi bí ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ní àwọn fẹ́ tún èbúté àtijọ́ kọ́, kó rí bó ṣe rí láyé àwọn baba ńlá wọn. Ohun tí kò bá sí nínú fọ́tò àtijọ́, títí kan àga Kùdírátù, wọn á hú u dànù. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ń tọ́jú, wọ́n ní. Orí Ẹkúndayọ̀ dàrú. Ṣé ó dìgbà tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn nǹkan bá kú tán kí wọ́n tó gbà pé ó níyì ni?

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ pe ará ìlú sípàdé láti gbọ́ tẹnu wọn, Tèmítáyọ̀ ọmọ rẹ̀ wá láti Stafford.

"Dádì, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n máa fún yín o. Ẹ jọ̀ọ́, kókó ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ."

"Èmi tí mo fẹ́ tọrọ nǹkan? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọmọ mi."

Ó dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ó kí méyọ̀, olórí ìlú. Ó kí àwọn ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúpẹ́ iná ojú títì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá síbi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé yìí, Ọlọ́run á bá wọn ṣe é dópin. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Ta ní í bẹ èèyàn tí kì í kọ́kọ́ yìn ín? Ìgbà náà ló tó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí mo wá bẹ̀ yín..."

Aago dún. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹkúndayọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mi ò tíì débẹ̀," ó ní. Ẹni tó kàn ti dé ìdí maikirofóònù.

Wọ́n dìbò, gbogbo wọn sì gbà kí wọ́n palẹ̀ etí odò mọ́. Méyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"A dúpẹ́ gan-an pé ẹ tì wá lẹ́yìn, sà."

"Ẹ ṣeun," ni Ẹkúndayọ̀ wí. Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń dáhùn. Tèmítáyọ̀ káwọ́ lérí.

Nínú mọ́tò, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè: "Ṣé àdúrà tí mo ṣe fún wọn ni wọ́n kà sí pé mo tì wọ́n lẹ́yìn?"

Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n bá a lórí àga náà, ìborùn Kùdírátù lórí itan rẹ̀. Ọ̀gá wọn ṣí fìlà, ó rẹ́rìn-ín, ó kí i kú àárọ̀. Ẹkúndayọ̀ la ẹnu. Ó pa á dé. Ó gbójú sódò, ó fọwọ́ méjèèjì di àga mú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọmọ èèyàn kí i, kò sì dáhùn.