Mo Kàn Ní Kí N Wá Kí Yín Ni

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn bàbá orí àga fún mi. Kì í ṣe àlọ́ o. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni bàbá náà, èmi ò sì bá a láyé. Orúnkún ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ni gbogbo ilé bá gbárùkù tì í. Kó tó na ọwọ́, wọ́n ti gbé omi dé. Kó tó gbé ìdí, ọmọ kan ti sáré débẹ̀: "Ẹ jókòó, bàbá, ẹ má dìde." Ìyá àgbà ní wọ́n bọ̀wọ̀ fún un títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbàgbé iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó wá wù ú kó dìde lọ wo oko rẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbà mọ́. Orí àga yẹn ló wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

"Ìwọ ọmọ yìí," ìyá àgbà á ní, "o lè bá mi pọnmi, o lè bá mi gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn mi, fi í sílẹ̀ fún mi."

Orúnkún tirẹ̀ náà ń dùn ún kẹ̀. Bó bá ń dìde láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tí yóò máa dún bí ẹni ń ṣẹ́ igi gbígbẹ. Yóò ki aṣọ bọ omi gbígbóná, yóò fi lé e, yóò fi òrí ra á, yóò wá mú ọ̀pá rẹ̀, ó di ká lọ kí ará àdúgbò. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé e. Ilé tí a bá yà sí, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A dúpẹ́, ìyá. Orúnkún ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, ó ń bínú."

"Ẹ wá jókòó díẹ̀."

"Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ fẹ́ so mí mọ́ àga ni?"

Ẹ̀rín á sọ, a ó kọjá sí ilé kejì. Bí oòrùn bá ti ń mú, a ó padà sílé. Àpótí kúkúrú tó ti ń jókòó lé látìgbà ọmọge, ó ti pa á tì, àga tó ga ló ń lò. Oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, ó ní ohun tó bá wọ inú òun, orúnkún òun ni yóò gbé e. Kò sẹ́ni tó pe gbogbo èyí ní ìtọ́jú nígbà yẹn. Àwa rò pé àárọ̀ ni à ń kí.

Ẹ wá wò mí lónìí ní Castle Hill, ní Bronx lókè òkun, níbi tí èmi nìkan ń gbé. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe ní Fordham, orí ìdúró ni mo máa ń wà. Ọkọ̀ ojú irin tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, orí afárá gíga ló ń gbà ládùúgbò wa, àtẹ̀gùn rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ fún mi pé orúnkún mi ti yàtọ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ti ń jẹ tán lọ, kò sì ní hù padà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá ń ṣe lójoojúmọ́ lè mú kí ìrora rẹ̀ dínkù. Kí n máa rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí n máa dìde lórí àga díẹ̀díẹ̀ kí itan mi lè lágbára, kí n dín oúnjẹ kù, kí n wọ bàtà tó rọ̀, bí orúnkún bá sì wú, kí n sinmi. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Ìyá àgbà ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán! Ohun kan ṣoṣo tí dókítà ò sọ ni ilé ẹni tí n óò máa rìn lọ.

Nítorí náà mò ń rìn lọ sí etí omi, mo sì ń rìn bọ̀. Mo kọ́kọ́ ń kí àwọn tí mo bá pàdé. Ẹnì kan á mi orí, ẹlòmíràn á ti fi nǹkan dí etí, kò tilẹ̀ ní gbọ́. Bí òtútù bá wá mú, tí kò sẹ́ni tó ń retí mi níbì kankan, ibùsùn á máa bẹ̀ mí. Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ púpọ̀, orúnkún mi á sì le gbagidi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Dádì ni wọ́n ń pè mí, irùngbọ̀n funfun mi ló fà á. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo fẹ́ dìde lọ bu omi, ni ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá dá mi padà.

"Dádì, ẹ jókòó jàre! Kí la wà fún?"

Ó gbé omi wá, ó gbé oúnjẹ wá, ó kó abọ́ kúrò. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn. Ọjọ́ yẹn nìkan lọ́sẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ń gbé omi fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó tó àkókò àtilọ, mo gbìyànjú àtidìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Tábìlì ni mo dì mú. Bàbá orí àga ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dìde fúnra mi kó tó dé.

"Dádì, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń tọ́jú." Mo sọ ìtàn bàbá náà fún un.

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ wá máa rìn wá kí wa nígbà náà! Ṣebí a ò jìnnà sí yín."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wẹ̀, mo fi òrí ra orúnkún, mo jáde. Mò ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà wọn, mo gbọ́ tí wọ́n ń sáré nínú ilé. Ọmọbìnrin náà ṣílẹ̀kùn, fìlà ìsùn ṣì wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ha! Dádì! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mo kàn ní kí n wá kí yín ni."

"Ẹ ò pè!"

Ọkọ rẹ̀ yọjú lẹ́yìn rẹ̀: "Ṣé kò sí o, sà?" Àwọn ọmọ ń wò mí lórí àtẹ̀gùn. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní kí n wọlé, ṣùgbọ́n aṣọ iṣẹ́ ti wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń lọ sí aago.

"Mo ti kí yín, ó ti tó," mo ní.

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ mi fi mọ́tò gbé yín padà. Ẹsẹ̀ yín, sà!"

"Ẹsẹ̀ ọ̀hún náà ló gbé mi wá."

Èmi ò bá a wí. Nílùú yìí, ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn láì pè lórí fóònù, aburú ló máa ń mú wá. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, bí aago ilé mi bá dún tí n kò retí ẹnikẹ́ni, ṣe ni mo máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ẹni náà á fi lọ.

Mo ṣì ń rìn. Láàárọ̀ tí n kò bá níṣẹ́, mo máa ń dé ìkóríta òpópónà wọn. N óò wo fèrèsé wọn, n óò kí wọn nínú ara mi, "Ẹ kú àárọ̀ o, ṣé ẹ jí dáadáa?", n óò sì yí padà. Orúnkún ti fúyẹ́, mo ti ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú irin láì sinmi lágbedeméjì. Ti ìyá àgbà gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn títí ó fi dàgbà dàgbà. Tèmi ń gbé mi dé ìkóríta, ó sì ń gbé mi padà sílé.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, bí mo bá kan ilẹ̀kùn rẹ láàárọ̀ ọ̀la láì pè tẹ́lẹ̀, kí lo máa kọ́kọ́ bi mí?